Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ojúlùmọ̀ Mi Sọ Pé Ìjọba Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kan Owó Ìlera Wa

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Èmi àti ojúlùmọ̀ mi kan tí a jọ máa ń pàdé ní ìpàdé onílé àdúgbò wa ti ń fa ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ti wá bá wa sọ̀rọ̀ pé kí gbogbo ìdílé forúkọ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera. Èmi ní ohun tó dára ni. Òun ní ìjọba tí kò lè fún wa ní iná mànàmáná kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìlera, áńbọ̀sìbọ́sí kó fi dandan gbà á. Ó ní láyé Olóyè Awólọ́wọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n tọ́jú òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kò sì sí ẹni tó ní kí bàbá òun san kọ́bọ̀. Ó tún ní ìyàwó òun, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò náà, dé ilé ìwòsàn kan pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, wọ́n sì ní oògùn ti tán, kí ó lọ rà á níta. N kò rí èsì kankan fún èyí tó sọ gbẹ̀yìn yìí. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìjà láàárín wa, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà pé òun ló jàre. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe dá a lóhùn?

ÈSÌ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a kí yín, ẹ kú àníyàn ìlú. Ọ̀rọ̀ ìlera jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì lè jọ ní èrò rere lórí rẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé ohun tí ẹnì kìíní sọ kọ́ ni ẹnì kejì ń dá lóhùn. Nígbà tí ẹ bá ní kí ìjọba ṣètò ìlera, ó ṣeé ṣe kí ojúlùmọ̀ yín gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ ní kí gbogbo wa lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí kò ní omi, tí kò ní iná, tí àwọn dókítà rẹ̀ sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó tún jókòó. Ìjọba lè kọ́ ilé ìwòsàn, kí ó sì máa san owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìjọba lè kó owó gbogbo ènìyàn jọ sínú àpò kan tí a ó máa fi san owó ìtọ́jú, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni ni aláìsàn lọ. Ìjọba sì lè ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà láìní adójútòfò. Orílẹ̀-èdè kan lè mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èyí tó dá àjọ National Health Insurance Authority sílẹ̀, dá lórí kíkó owó jọ àti dandan; kì í ṣe òfin ilé ìwòsàn kíkọ́. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tàbí lábẹ́ àjọ OYSHIA tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yín, lè lo káàdì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni tí àjọ náà bá ti fọwọ́ sí. Àròyé iná mànàmáná jẹ́ àròyé gidi, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè bóyá ó yẹ kí a jọ kó owó ìtọ́jú jọ kí àìsàn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí ọ̀rọ̀ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojúlùmọ̀ yín ti fi apá kan ìtàn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ohun ìyìn ni títí di òní. Ṣùgbọ́n ìjọba náà gbé owó orí àkànṣe kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera kí iṣẹ́ náà tó lè ṣeé ṣe, ariwo rẹ̀ sì gba ilẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ alátakò, NCNC, ni ó kó ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì ka owó orí yẹn mọ́ ohun tó fà á. Owó kòkó náà tún wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ san iye tó kéré sí èyí tí wọ́n tà á lókè òkun, apá kan nínú èrè náà sì lọ sínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Àgbẹ̀ tó ta kòkó rẹ̀ ní Oǹdó tàbí ní Iléṣà ti ń san owó ìwòsàn ọmọ rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kòkó, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bàbá ojúlùmọ̀ yín san án. Ohun tó jẹ́ kó dà bí ọ̀fẹ́ lójú ọmọ rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbà á ṣáájú, wọn kò dúró dìgbà tí ọmọ náà wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ibà kí wọ́n tó na ọwọ́.

Láàárín ọdún 1979 sí 1983, nígbà tí UPN, ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀, ń ṣèjọba ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, wọ́n tún gbìyànjú ìtọ́jú ọ̀fẹ́, lọ́tẹ̀ yìí fún tọmọdé tàgbà. Ẹ má fi ohun tó tẹ̀lé e pamọ́ fún ojúlùmọ̀ yín. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀ dín kù, oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sórí rédíò ni pé àwọn ilé ìwòsàn ti di ibi tí dókítà ti ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn lásán, láìsí oògùn, láìsí omi, láìsí irinṣẹ́. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí kò ní àpò tirẹ̀, tó jẹ́ pé owó epo ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, kò lè pẹ́. Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n sì fẹnu kò pé kí aláìsàn máa san owó oògùn kí ilé ìlera lè rí owó ra òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera wa nígbà náà, ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ ribiribi láti mú ilé ìlera alábọ́ọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀. Èrò inú ìpàdé náà kò burú. Síbẹ̀, láàárín ìgbà náà àti ìsinsìnyí, kí a kọ́kọ́ sanwó kí dókítà tó wo ènìyàn ti di ìṣe ojoojúmọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ jù lọ nìyí. Ojúlùmọ̀ yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó kan tí kò san rí. Ó ti ń san án. Nínú gbogbo owó tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ohun tó ju ìdá méje lọ nínú mẹ́wàá ni ó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tí tiwọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ láyé. À ń san án ní àkókò tó burú jù lọ, nígbà tí ara kò yá, tí iṣẹ́ ti dúró, tí ẹni tó yẹ kó dúnàádúrà kò lè dìde. Ẹ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe rí owó san nígbà tí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí ó sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀: wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ní Èkó, wọ́n pe ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà. Owó orí ni ìyẹn náà, àmọ́ ẹni tí àìsàn bá nìkan ni wọ́n ń bù ú lé, wọn kò sì wo bóyá olówó ni tàbí tálákà.

Ní ti dandan, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí dandan. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe òfin adójútòfò ìlera àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 2005 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ẹbí wọn ni ó jàǹfààní jù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá nípa ìlera àwọn ènìyàn jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018, nǹkan bí 97 nínú 100 àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni kò ní adójútòfò kankan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí ètò kan bá wà fún ẹni tó bá wù nìkan, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti aboyún ni yóò kọ́kọ́ sáré wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le yóò ní kí òun ṣì dúró ná. Owó tó ń jáde yóò ju èyí tó ń wọlé lọ, wọn yóò fi kún owó ìforúkọsílẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ yá díẹ̀ nínú àwọn tó kù yóò tún jáde, títí tí àpò náà yóò fi gbẹ. Dandan ni ó ń mú kí alára líle wà níbẹ̀ lónìí, kí àpò náà lè wà fún un lọ́la. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ó tíì ṣiṣẹ́ fún ìlú tó pọ̀ tó tiwa.

Bí ó bá tún padà sórí pé ìjọba wa kò lè ṣe ohunkóhun ní àṣeyọrí, ẹ rán an létí ọdún 2014. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún náà, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, ni ó kọ̀ pé aláìsàn tó gbé e wọlé kò ní jáde lọ sáàárín ìlú, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ ni ó tọpa gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, láti ilé dé ilé, ní Èkó àti ní Port Harcourt. Ogún ènìyàn ni ó kó àrùn náà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni ni ó para pọ̀ gbà wá là. Bí owó bá wà, bí àṣẹ bá ṣe kedere, tí gbogbo ojú sì wà lára wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa mọ iṣẹ́ wọn dunjú.

Àmọ́ o, ẹ gbọ́dọ̀ gbà fún un níbi tó ti jàre, kí ẹ sì gbà á tọkàntọkàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, ní Àbújá tiwa níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná àwọn yóò máa lọ sórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ìlérí yẹn ṣẹ rí ní ọdún kan ṣoṣo. Òfin ìlera ti ọdún 2014, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lù, ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ máa lọ sínú àpò ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ sì wà fún adójútòfò àwọn tí kò lágbára. Ó di ọdún 2018 kí owó náà tó kọ́kọ́ hàn nínú àbá ìṣúná. Odidi ọdún mẹ́rin tí òfin wà, tí owó kò sì sí, aboyún ń kú, ọmọdé ń kú. Ó ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ìyẹn ṣe ìdí tí kò fi fọkàn tán ìjọba kò ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ìyàwó rẹ̀ ni ẹ ní ẹ kò rí èsì fún. Èsì wà. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn tí ènìyàn yàn ní àkọ́kọ́ máa ń gba iye kan lórí rẹ̀ lóṣooṣù, bóyá ó wá tàbí kò wá. ₦750 ni iye náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e sókè láìpẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oògùn ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn tó bá fún aláìsàn ní oògùn tó dára yóò pàdánù; èyí tó bá ní oògùn ti tán yóò jèrè. Àwọn iléeṣẹ́ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní HMO tún wà láàárín, tí ìyọ̀ǹda fún ìtọ́jú tó tóbi gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ wọn jáde, aláìsàn a sì jókòó dè é. Àléébù inú ètò sísan owó ni èyí, ó ṣeé tún ṣe, ó sì yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa pariwo kí wọ́n tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀sùn náà sun àjọ tó fún un ní káàdì, kí ó sì pààrọ̀ ilé ìwòsàn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni ó yẹ kí aláìsàn san lábẹ́ ètò náà. Kí ó béèrè fún ìwé ẹ̀rí gbogbo ohun tó bá rà níta, nítorí ẹ̀sùn tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ṣòro láti gbé tì.

Nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjọba rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí òun fúnra rẹ̀ ti san lórí àìsàn, kí ẹ wá béèrè ohun tó máa mú un gbà láti san díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú. Bí ó bá ní àfi kí wọ́n máa gbé ìṣirò owó náà jáde fún gbogbo ènìyàn rí lọ́dọọdún, ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì jọ gbé e lọ sí ìpàdé onílé yín gẹ́gẹ́ bí ohun tí àdúgbò fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Arákùnrin kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà máa ń sọ pé kí ìjọba Nàìjíríà kúkú gbé irú NHS, ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀, kí wọ́n yé fi adójútòfò da àwọn ènìyàn láàmú. Mo ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ó ní mo ti gbàgbé ilé. Ẹ bá mi dá sí i.

ÈSÌ

Ẹ kò gbàgbé ilé, arábìnrin wa. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ nínú NHS mọ iye tí ó ń náni ju ẹni tó ń rí ìtọ́jú rẹ̀ gbà lọ. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 ni Aneurin Bevan, mínísítà ìlera nígbà náà, ṣí i, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dìbò pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Owó orí gbogbo ìlú ni ó ń gbé e ró. Owó orí tí wọ́n ń gbà ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń mú jáde lọ́dún. Tiwa ní Nàìjíríà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lè bi arákùnrin yín pé iye wo ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ sì bi í bóyá àwọn ẹbí rẹ̀ nílé ṣe tán láti san irú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń san £1,035 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tí físà rẹ̀ fi wà, láti oṣù Kejì ọdún 2024, àfi àwọn bíi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, iye ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn ń dúró dè lórí ìwé ní England ju mílíọ̀nù méje lọ láti ìparí ọdún 2022 títí di ọdún 2025.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù wà ní Gánà. Ní ọdún 2003, lábẹ́ Ààrẹ John Kufuor, wọ́n ṣòfin adójútòfò ìlera tiwọn láti fòpin sí kí aláìsàn máa sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi ìdá méjì ààbọ̀ nínú 100 kún owó orí ọjà, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ìlera. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ra bàtà ní Accra ti dá owó sí i, ìbáà má ní iṣẹ́ oṣù. Àwọn ọmọdé àti àwọn tó ti ju ẹni 70 ọdún kì í san owó ìdásí. Ètò náà ní àléébù, pàápàá bí owó ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n àpò náà ní orísun tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí mo bá jẹ́ arákùnrin yín, ohun tí Gánà ṣe ni n ó máa gbà níyànjú.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Mo ń ta aṣọ ní Èkó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú ọjà ní ìyá òun san owó Ilera Eko, ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́dún tó kọjá, kò ṣàìsàn kankan, wọn kò sì dá owó rẹ̀ padà. Ó ní jìbìtì ni. Ọkàn mi pín sí méjì.

ÈSÌ

Ó yé mi bí ó ṣe rí lára rẹ̀, nítorí àjọ ni gbogbo wa mọ̀. Nínú àjọ, ohun tí ènìyàn dá ni yóò kó, bí kò bá kó o lóṣù yìí, yóò kó o lóṣù mìíràn. Ètò adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ìyá ẹlẹgbẹ́ yín san ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, bí àìsàn bá sì gbé òun fúnra rẹ̀ dè lọ́dún tó ń bọ̀, owó àwọn mìíràn ni wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀, ìbáà tiẹ̀ ju ohun tó san lọ ní ìlọ́po ogún. Ohun tí ó rà ní ọdún tí kò ṣàìsàn ni pé kò ní láti ta ọjà rẹ̀ bí àìsàn bá dé. Gómìnà Èkó ti fi àṣẹ sọ ọ́ di dandan ní ọdún 2024, nítorí náà kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yóò kan gbogbo ọjà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọjọ́ tí káàdì náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ó lè má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ sanwó gan-an. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí ẹ lè lò nítòsí ilé àti nítòsí ọjà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ètò kì í san ju ìwọ̀nba lọ lórí fífọ kíndìnrín àti ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ibẹ̀ sì ni ìjákulẹ̀ tó ń dun àwọn ènìyàn jù ti ń wá. Bí ẹnìkan nínú ilé yín kò bá lágbára rárá, bí arúgbó tàbí aboyún tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ẹ béèrè bóyá ó lè wọlé láti inú àpò ìlera ìpìlẹ̀ tí òfin ọdún 2014 dá sílẹ̀, nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ sì fi ohun kan mìíràn sọ́kàn, bí ẹ tilẹ̀ pinnu pé ẹ kò forúkọ sílẹ̀ lónìí: òfin ọdún 2014 yẹn kan náà ní ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu ní pàjáwìrì nítorí ìdí kankan, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ sì wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ yín náà.